Iye Tí Mo Pe Ilé Náà

Bàbá mi, onírélùwéè mi,

Ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí yín. Wọ́n fẹ́ ta ilé tí à ń gbé. Ilé France Road yìí náà ni, tí ẹ gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo ṣì ń gbé, tí mo ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà nínú yàrá iwájú rẹ̀. Alhaji onílé wa kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní èmi làwọn máa kọ́kọ́ fi ilé náà lọ̀, wọ́n sì ní èmi fúnra mi ni kí n pe iye tí mo máa rà á. Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo máa lọ bá wọn. Mi ò ra ilé rí láyé mi. Mi ò mọ iye tó yẹ kí n pè. Mo há, Bàbá.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni kí n tún sọ? Ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn mí díẹ̀, nítorí ìdúró. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ti ga jù mí lọ, ó sì ti wà ní kíláàsì àṣekágbá. Tí mo bá fi Yorùbá pè é pé kó wá jẹun, á ní "Ina zuwa, Mama," pé òun ń bọ̀, kò sì ní wá. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn. Ó ní Kano ti sú òun. Èmi ni mo kù síbí, pẹ̀lú ìkòkò mi.

Ẹ rántí bí Alhaji ṣe máa ń gba owó ilé? Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn wá láti Fagge, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, á mu omi tútù, á béèrè àlàáfíà gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló máa wá bi yín pé, "Baban Reluwe, nawa ne bana?" Bàbá Rélùwéè, èló ni ti ọdún yìí? Onílé ló ń bi ayálégbé o! Ẹ̀yin á gbójú sókè wo páànù bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ ó máa fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ẹ ó wá pe iye kan, iye náà á sì máa fi díẹ̀ ju ohun tí àwọn ará àdúgbò ń san lọ. Alhaji á ní kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i, ó parí nìyẹn. Kò sọ rí pé ó kéré. Nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ ló ń bi gbogbo ayálégbé ilé yìí.

Mo bá yín jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ fowó kún owó ilé ara rẹ̀? Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ìyá yín jọ̀ọ́ fi yín sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń pè mí, Ìyá mi, nítorí ẹ ní ojú ìyá yín ni mo gbé wáyé. Ẹ̀yin tí Màmá kì í jẹ́ kẹ́ ẹ dé ọjà! Iye tí oníṣu bá kọ́kọ́ pè lẹ máa san, Màmá á sì pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi, Màmá ló kọ́ mi. Lọ́jà Sábọ̀n Gàrí, ìdajì ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ọlọ́jà á ní "Albarka", ìyẹn ni pé kò tó. N óò fi díẹ̀ lé e. Á tún ní "Albarka". N óò ṣe bíi pé mò ń lọ, á pè mí padà, a ó jọ máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi ní òun ti "sallama", pé ó ti di tèmi. Bí èèyàn bá ti gbọ́ sallama, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá tún yẹ̀ ẹ́, ojú wo ló máa fi padà sí ìsọ̀ náà? Láti kékeré ni ẹnu mi ti mọ́ èyí lára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀yin ń gbà mọ iye tó yẹ, ẹ ò kọ́ mi. Kí lẹ máa ń rí lára páànù yẹn?

Nígbà tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ Alhaji tán, Nura àkọ́bí rẹ̀ àti Hajiya ìyá Nura wá. Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni wọ́n jókòó sí. Nura ní bàbá òun sọ ọ́ kó tó kú pé ọmọ Baban Reluwe ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ilé yìí lọ̀, àti pé iye tó bá jáde lẹ́nu mi ni kí wọ́n gbà. Ó ní àwọn ò ní pe dílálì kankan, àwọn alágbàtà ilé, sí i. Ó ní bí bàbá òun àti bàbá mi ṣe máa ń ṣe é náà la ó ṣe é. Hajiya ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ilé. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rántí pé méjì nínú àwọn ọmọ Alhaji ṣì wà nílé ìwé. Owó ilé yìí ni wọ́n máa fi parí ẹ̀kọ́ wọn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye ilé kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo mú dílálì kan wá ní bòókẹ́lẹ́, lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé Nura kò ní gba ọ̀nà yìí. Ó wọn iwájú, ó wọn ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ wọ yàrá kankan. Ó ní ilẹ̀ lòun ń wò ní tòun, ẹni tó bá ra ilé yìí á wó o ni, á fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ogójì mílíọ̀nù, pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún mi. Mo pe Bàbá Sámúẹ́lì bíríkìlà, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyẹn kò wo ilẹ̀ rárá. Ó ń fi eegun ìka kan ògiri bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ó wá ní yàrá mẹ́ta ẹ̀yìn, amọ̀ ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò, ilé ìwẹ̀ sì ti là, kí n má kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Zoo Road ní iye tí àwọn ra tiwọn ju méjèèjì lọ fíìfíì. Wọ́n ní táìlì, wọ́n ní géètì, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí mi wá dàrú pátápátá.

Èmi náà jókòó, mo wo ilé. Páànù orí kíṣìnnì, èmi ni mo rà á. Ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn, èmi àti Mama Chidi, aránṣọ tó wà ní yàrá kẹta, la dáwó rẹ̀. Ṣé mo tún máa ra páànù tí mo ti rà? Ibi tí ẹ máa ń gbé orí tì lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìpara orí yín ti sọ di dúdú, tó ń dán, ó ṣì wà níbẹ̀. Dílálì yẹn fọwọ́ pa á, ó ní ọ̀dà ni ilé yìí fẹ́, kí n yọ owó ọ̀dà kúrò. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí. Láti ọdún mẹ́fà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ibẹ̀. Ìyẹn ńkọ́, Bàbá, èló ni?

Ohun tó há mi lọ́fun rèé. Mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo ohun tí mo ní láyé yìí, láti inú àjọ àti ìrẹsì ọdún mẹ́rìnlá. Kí n tó lè pe ogójì, àfi kí n ta ilé yín tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Délé ọmọ àbúrò yín ní òun mọ ẹni tó máa san méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún yín, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Ṣùgbọ́n àgbàlá ibẹ̀ la sin yín sí, níwájú fèrèsé yàrá yín. Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ilé tí sàréè bàbá ẹni wà? Ṣé n óò sọ fún ẹni tó rà á pé kó máa rọra kọjá níbẹ̀?

Inú ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́. Ní ọdún kejì tí a dé ibí, Alhaji nílò owó, ó fi ilé yìí lọ̀ yín. Owó tí rélùwéè san fún yín nígbà tí ẹ fẹ̀yìntì ṣì pé lọ́wọ́ yín. Ẹ ní rárá. Ẹ ní oko ni Kano, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ kó owó náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kọ́ yàrá márùn-ún. Kérésìmesì mélòó lẹ sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú yín lọ? Ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kó jáde ní Kọ́tàsì Rélùwéè, tí Màmá ń gbálẹ̀ yàrá tí kì í ṣe tiwa mọ́, tí omijé ń bọ́ sórí ìgbálẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún lọ ń gbé ilé onílé. Oko yín ni ilé mi, Bàbá. Tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọdé máa ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Gàmbàrí.

Síbẹ̀, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ máa ń sọ pé ilé kò ṣeé gbé sórí sá. Mo rántí ọjọ́ rògbòdìyàn tí ẹ fà mí lọ́wọ́, tí Màmá gbé ìkòkò kan ṣoṣo, tí a sáré lọ sí bárékè. Nígbà tí a padà dé, Alhaji ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó wọlé. Ṣé ilé rẹ̀ ló ń ṣọ́ ni, àbí ẹrù wa? Mi ò bi yín rí. Tí mo bá ra ilé yìí, mo ti so ara mi mọ́lẹ̀ nìyẹn. Tí mi ò bá rà á, wọ́n á tà á fún ẹni tó máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Bọ́sẹ̀ á wá wà níta. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Ogójì ni n óò pè. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní pe ohun tó dín sí i. Mo ti pe Délé láàárọ̀ yìí pé kó sọ fún ẹni yẹn kó múra. Mo sunkún tẹ́rùn kí n tó pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn rèé. Inú Bíbélì ni mo ki lẹ́tà yìí sí láti ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Mo lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè mí ní Fagge. Nura jókòó, Hajiya wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tó wà nílé ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún mi lómi tútù. Wọ́n béèrè Bọ́sẹ̀, wọ́n béèrè ọjà. Nura wá bi mí, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ló fi bi mí, pé nawa ne?

Bàbá, ogójì ló wà lọ́kàn mi. Láti France Road dé Fagge ni mo ti ń wí i sábẹ́ ètè bí ẹni ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Mo la ẹnu, mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Ashirin da takwas." Méjìdínlọ́gbọ̀n!

Ọlọ́run mi gbọ́, mò ń dúró de "Albarka" ni. Bí èèyàn ṣe ń nájà nìyẹn. Wọ́n á ní kò tó, n óò pe ọgbọ̀n, wọ́n á ní kò tó, a ó jọ máa gùn ún lọ títí a ó fi dé ogójì, inú gbogbo wa á dùn. Mo tilẹ̀ ti ń tún ìjókòó ṣe lórí ẹní. Nura yíjú wo ìyá rẹ̀. Hajiya wo ẹní. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì ní, "Mun sallama." Àwọn ti gbà.

Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ṣe àdúà fún Alhaji, wọ́n sì ṣe fún yín, wọ́n ní bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe fi òtítọ́ bá ara yín gbé láyé, kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pàdé ní ibi tó dára. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pariwo pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹnu mi tó yá jù lẹ́ẹ̀kan, ó wá wúwo bí ọlọ. Mo ní Àmín.

Wọ́n mọ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú àwọn méjèèjì yára wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn sì gbójú sílẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n, ọmọ Kano ni wọ́n, wọ́n mọ iye tí ilẹ̀ France Road ń lọ. Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ni wọ́n fi dípò owó tó kù.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọṣọ láti padà lọ. Mo ra ọsàn fún Hajiya, mo dé ìtòsí ilé wọn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ti pe dílálì kí n tó wá? Pé mo mọ iye rẹ̀, mo sì pe ohun tó dín sí i? Ẹyin lohùn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, tó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Mo dúró lábẹ́ oòrùn títí ọmọ kan fi ń kí mi "Sannu, Mama," tó rò pé mo ṣìnà. Mo gbé ọsàn mi padà wálé. Nígbà tí Délé pè mí pé ẹni náà ti mú owó wá, mo ní a ò tà mọ́. Inú mi dùn. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ilé yín wà níbẹ̀, sàréè yín wà níbẹ̀, mo ní ilé ní Kano, inú mi sì dùn fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣé ẹnu ló ṣì mí, àbí ohun tó ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀ ló jáde? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ sọ fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ a fọwọ́ síwèé. Mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo san. Orúkọ yín ni mo fi san méjìlá tó kù.

Àná ni Mama Chidi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, nítorí ọjọ́ owó ilé rẹ̀ ló pé, èmi sì ni onílé. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń gbé, Sísítà ló ń pè mí. Mo gbé omi tútù fún un. Ó mu ún, ó gbójú sókè wo páànù, mo sì rí i pé ó ti ní iye kan lọ́kàn. Ó ń dúró kí n bi òun ni. Ìbéèrè náà dé orí ahọ́n mi, nawa ne bana, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mi ò lè bi í. Báwo ni mo ṣe máa bi í, èmi tí mo mọ ohun tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbéèrè yẹn ṣe?

Èmi fúnra mi ni mo pe iye náà. Iye owó ilé tí dílálì ní wọ́n ń gbà ní àdúgbò ni mo pè. Mama Chidi wò mí, ó yọ ojú kúrò lára páànù, ó rọra gbé ife omi náà sílẹ̀. "Okay, Ma," ló wí. Ma, Bàbá. Ó dìde, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo gbé orí tì sí ibi tí ẹ máa ń gbé e tì. Ògiri mi ni báyìí, ṣùgbọ́n mi ò rí ohunkóhun lára páànù.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ ń pè ní Ìyá, tó fẹ́ràn yín, tójú sì ń tì níwájú yín.